Tinúọlá àti Píjò Abẹ́ Igi Máńgòrò

Orí ọ̀kadà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Àṣàkẹ́, ìyá Tinúọlá, ló ní òun fẹ́ lọ wo oko òun. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ta ni yóò gbé ọkọ́ lé obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún lọ́wọ́? Ó kàn fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i ni. Láti ìgbà tí eegun ìbàdí ti ń dà á láàmú, ìròyìn oko nìkan ló ń gbọ́, bí ẹni tí òórùn ọbẹ̀ ń ta sí nímú láti ilé aládùúgbò tí kò sì rí i tọ́ wò. Ẹni tó bá ti oko dé á ní, "Màmá, kòkó yín so dáadáa lọ́dún yìí." Màmá á ní, "Ó so, àbí wọ́n ní ó so?"

Oko náà wà ní Òkè-Ìrókò, lẹ́yìn odò, lójú ọ̀nà kan tó ya kúrò lára títì ní Ààyè. Takisí kì í dé ibẹ̀. Bí onítakisí bá wo ọ̀nà náà, tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, orí ló máa mì, á ṣẹ́rí padà. Ọ̀kadà nìkan ló ń lọ. Ni Tinúọlá bá pe Dèjì, ọlọ́kadà àdúgbò, pé kó wá gbé Màmá. Dèjì gbé ọ̀kadà rẹ̀ sún mọ́ pèpéle. Tinúọlá di ìyá rẹ̀ mú lọ́tùn-ún, ìyàwó aládùúgbò dì í mú lósì. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹsẹ̀ náà dé àárín, ó dúró síbẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ẹ gbé mi sílẹ̀ o!" Màmá figbe ta. "Ẹ má pín mi sí méjì, n ò tíì kú!"

Ẹ̀rín pa Dèjì débi pé díẹ̀ ló kù kó ju ọ̀kadà sílẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un padà sórí àga, tí Dèjì ti lọ, tí ilé pa rọ́rọ́, Tinúọlá rí i pé ìyá òun ṣì ń fi etí ìró nu ojú.

"Kò burú," Màmá wí. "Oko ò ní sá lọ. Èmi ni n ò mọ̀ bóyá mo lè dúró dè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tinúọlá lára. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gi wá. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ bà sí: Píjò 404 onípíkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Tapólì tí wọ́n fi bò ó ti ya jálajàla. Ewé gbígbẹ ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu. Adìẹ kan gba ojú fèrèsé jáde, ó gbọn ìyẹ́, ó sì ń ké kiri bí ẹni pé Tinúọlá ló wá ká a mọ́lé.

Gbogbo Ààyè ló mọ ọkọ̀ yẹn nígbà ayé Ayọ̀délé, bàbá Tinúọlá. Òun ló ń kó iṣu àti àgbàdo wọn lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí Ọ̀yẹ́, tó ń gbé aláìsàn lọ sí Ìdó. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún un, Tinúọlá àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọláyíwọlá. Ọláyíwọlá ni à bá ní yóò máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé e sínú ọkọ̀ báyìí, èébì ni. Kí wọ́n tó kúrò ní Ààyè, á ti bì sí bàbá rẹ̀ lára. Báyìí ni ìjókòó iwájú ṣe di ti Tinúọlá. Ibẹ̀ ló ti mọ orúkọ gíyà kó tó mọ ìlọ́po méje lórí.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé e lọ sórí pápá ilé ìwé nígbà ìsinmi, ó ní kó bọ́ sídìí ọkọ̀. "Kílọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe ọ̀tá rẹ," ló máa ń sọ fún un. "Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ejò. Fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní." Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n bi Ayọ̀délé pé ṣé ó fẹ́ sọ ọmọbìnrin di dírẹ́bà ni. Ó ní ọkọ̀ kì í bèèrè bóyá obìnrin ló ń wa òun, kí wọ́n ṣáà ti mọ̀ ọ́n wà. Kó tó pé ogún ọdún, Tinúọlá ti ń dá gbé iṣu lọ sí Ìkọ̀lé, tí àwọn ọlọ́jà á máa nawọ́ sí i pé, "Ẹ wò ó, ẹ wo ọmọ Ayọ̀délé!"

Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó fẹ́ tíṣà kan ní Ọ̀yẹ́, ó bímọ mẹ́ta fún un, ó sì ń rán aṣọ ilé ìwé fún ọmọ ìlú. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni burúkú rárá. Kò kàn ní ọkọ̀ ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ kò fi wakọ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ náà kú, tí àwọn ọmọ ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn àti Kánádà, Tinúọlá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó padà sí Ààyè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó dá oko iṣu díẹ̀, ó sì ń ránṣọ ní pèpéle.

Bàbá wọn ti lọ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọjọ́ tó rí i pé òun kò rí ọ̀nà dáadáa mọ́, ó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà wọ abẹ́ máńgòrò, ó pa á, ó fọwọ́ gbá a níwájú bí ẹni gbá ọ̀rẹ́ léjìká, ó ní, "Àwa méjèèjì ti ṣiṣẹ́." Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó tún fi kọ́kọ́rọ́ kàn án.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Màmá kò lè gun ọ̀kadà yìí, Tinúọlá pe àbúrò rẹ̀ ní Èkó, ó ní òun fẹ́ jí ọkọ̀ Bàbá dìde.

"Sísì mi," Ọláyíwọlá wí, "ọkọ̀ yẹn ti di irin. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wálé kẹ́yìn."

"Kò bàjẹ́ o. Ó kàn dúró ni."

"Ohun tó bá dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Màmá náà ti jókòó pẹ́," Tinúọlá dá a lóhùn. "Ṣé ká ta Màmá náà fún oníirin ni?"

Ọláyíwọlá rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó ní, "Ó dáa. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Mò ń bọ̀ wálé fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá tíì dún nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé e lọ."

Ó kù kó wá mẹkáníìkì. Èyí àkọ́kọ́ tó bá ní Ìkọ̀lé ní òun kì í tọ́wọ́ bọ ọkọ̀ tó dàgbà ju òun lọ. Èkejì bi í pé ṣé kò ní ọkọ̀ ìgbàlódé bíi Kámúrì ni. Ẹ̀kẹta nawọ́ sí ojú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, ó ní, "Ẹ lọ bá Péjú. Ohun tí kò bá tíì ṣe rí ló máa ń wù ú ṣe."

Péjú tó bá níbẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ òfárọ́ọ̀lù, ó fi aṣọ dúdú wé orí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Tinúọlá dópin. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àkísà nu ọwọ́.

"Màmá, kí n má purọ́ fún yín, n ò ṣí 404 rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìfàkì ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ṣì ń gbé fóònù. Ṣé ẹ̀yin náà mọ ìwà rẹ̀?"

"Ìwà ọkọ̀ yẹn? Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìwà àbúrò mi."

"Ó parí," Péjú wí. "N ó wá wò ó."

Ọjọ́ tí Péjú wá sí Ààyè, àwọn méjèèjì ṣí tapólì kúrò. Ẹyin adìẹ wà lórí ìjókòó dírẹ́bà. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, agbọ́n tú síta. Péjú gba iwájú sá, Tinúọlá gba ẹ̀yìn, Màmá tó jókòó sí igun pèpéle tó ti ń rí ẹ̀yìnkùlé sì ń pariwo pé, "Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ dọ̀bálẹ̀!" Wọ́n fi èéfín lé agbọ́n kí wọ́n tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Eku ti jẹ wáyà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Bátìrì ti kú. Péjú ti irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ ihò rẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó fi gbogbo agbára yí i. Kò mì. Tinúọlá bá a dì í mú, àwọn méjèèjì jọ fà á. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ògiri ilé.

"Ó ti gan," Péjú wí. "Ìpáàrà ti mú àwọn písítìn tó ń lọ bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ihò wọn."

Wọ́n pe ọ̀gá Ìfàkì. Ohùn arúgbó náà jáde láti inú fóònù, ó ní kí wọ́n yọ àwọn plọ́ọ̀gì, kí wọ́n po epo dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì, kí wọ́n dà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi sílẹ̀. "Ẹ má kánjú, ẹ má sì fi òòlù lù ú," ló wí. "Ẹ máa yí i wò láràárọ̀. Tó bá gbọ́ bẹ̀bẹ̀, á dìde."

Péjú da òróró náà tán, ó padà sí Ìkọ̀lé. Màmá tó ń wò wọ́n láti òkèèrè ní, "Àgbo lẹ fún un yẹn. Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́."

Ó wá di iṣẹ́ àárọ̀ fún Tinúọlá. Tó bá ti gbàdúrà tán, kó tó tan iná ìdáná, á lọ sábẹ́ máńgòrò, á di irin náà mú, á fà á. Kò mì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń kọjá lọ sóko ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Wọ́n á dúró kí i pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o! Ṣé ó ti fèsì?" Á ní, "Ó ń sùn." Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti fi irin yẹn sílẹ̀, á máa fi ìka ka ọjọ́ tó kù. Ó ń wò ó pé ìkórè ń sún mọ́lé. Ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń jókòó sójú kan náà ní pèpéle.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó lọ fa irin náà bó ṣe máa ń ṣe, láìretí nǹkan kan. Irin náà yẹ̀. Kò ju díẹ̀ lọ, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ẹ́ yọ. Tinúọlá dá ọwọ́ dúró. Ó tún fà á. Ó tún yẹ̀, ohun kan sì mí fíì nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ó figbe ta. Màmá rò pé ejò ló rí, ó ń pè é láti inú ilé pé, "Níbo ló bù ọ́ jẹ? Níbo ló bù ọ́ jẹ?" Tinúọlá sáré wọlé, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra tòun ti ọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ba ìró mọ́ ọn lára.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Péjú ń wá bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀. Ó tú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́ nínú abọ́ bẹntiróòlù, ó to wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn bí ẹni pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n sọ táǹkì epo kalẹ̀, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ dà jáde nínú rẹ̀. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì sí i, wọ́n jọ gbé e láàárín ara wọn, wọ́n ń mì í síwá mì í sẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Tinúọlá ló sọ fún Péjú pé ọkọ̀ náà kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ tọ́tù tó ń fún un lépo kó tó jí, àti pé gíyà kejì rẹ̀ máa ń lọ́ra, èèyàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù fún un díẹ̀ kó tó wọlé. Péjú náà ló kọ́ Tinúọlá bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà fọ ibi tí iná ti ń ta pàrà. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù Péjú tí wọ́n á ní kó bá àwọn pe mẹkáníìkì.

Bíréèkì ló fẹ́ fà wọ́n sẹ́yìn. Rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìkọ̀lé. Ọ̀gá Ìfàkì ló rántí pé ẹnì kan wà ní Ìdó, Akínyẹmí, tó ní irú ọkọ̀ náà nígbà kan rí. Tinúọlá wọ takisí lọ síbẹ̀. Ó bá bàbá náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń bọ́ adìẹ, inú òkú 404 kan ni adìẹ náà sì ń sùn. Tinúọlá kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ohun tó bá wá.

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Ààyè?" bàbá náà bi í.

"Ọmọ Ayọ̀délé ni mí, sà. Ayọ̀délé onípíkọ́ọ̀pù."

Bàbá Akínyẹmí fi igbá oúnjẹ adìẹ sílẹ̀. "Ayọ̀délé tó fi okùn fa ọkọ̀ mi láti Ayédé dé ibí nínú òjò? Wá, wá wo ohun tó o bá fẹ́. Tèmi ti di ulé adìẹ, kò ní bínú." Ó pe mẹkáníìkì àdúgbò kan kó wá tú u, ó dúró tì í, ó sì kọ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Tinúọlá ju ìkíni lọ. Rọ́bà bíréèkì yẹn àti ilé rẹ̀ ni Tinúọlá gbé sórí itan bọ̀ láti Ìdó, bí ẹni gbé ẹyin.

Ọláyíwọlá dé láti Èkó ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Péjú mú pé àwọn máa gbìyànjú ẹ̀. Táyà àlòkù tó ṣì lágbára ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, bátìrì ti wà níbẹ̀, wáyà ti di tuntun. Táǹkì nìkan ni wọn kò tíì gbé padà nítorí kò tíì gbẹ dáadáa, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni wọ́n sì fẹ́ fi fún un lépo. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Ìyàwó aládùúgbò wà níbẹ̀, Dèjì náà gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró, àwọn akọrin tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń múra ìkórè sílẹ̀ náà yà.

Tinúọlá jókòó sídìí ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, ó sì bú gbàù! Èéfín dúdú jáde nídìí ọkọ̀, adìẹ fọ́n ká, ẹnì kan nínú àwọn akọrin pe Jésù. Wọ́n tún un ṣe. Gbàù! Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ariwo náà ni. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú ìyànjú o."

Tinúọlá fi orí lé ìtọ́kọ̀. Kò fẹ́ wo ojú àbúrò rẹ̀. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Sísì mi, kí ni mo lè bá yín dì mú?"

Nígbà tó gbójú sókè, Ọláyíwọlá ti bọ́ búbá funfun rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí i lọ́rùn. Péjú gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e sókè dáadáa kí epo lè máa ṣàn. Ọkùnrin náà gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ fún àlùfáà. Péjú dúró, ó wo ẹ́ńjìnnì náà títí. Ó fi ìka tọ wáyà àwọn plọ́ọ̀gì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń kà á. Lójijì ló fọwọ́ lu orí ara rẹ̀.

"Èmi ni! Mo gbé wáyà méjì sí ipò ara wọn! Ẹ́ńjìnnì yìí ń bá mi sọ ọ́, n ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó pààrọ̀ wọn, ó ní, "Ẹ tún un yí."

Tinúọlá yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ̀n jìgìjìgì bí ewúrẹ́ tí òjò pa, ó sì jí. Ìró rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ewé gbígbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fò sókè. Àwọn tó ti ń lọ sáré padà. Àwọn akọrin da orin bò ó, Dèjì ń fun fèrè ọ̀kadà, Ọláyíwọlá sì ń pariwo pé kí ẹnì kan wá gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ òun kí òun lè jó.

Tinúọlá kò jó. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Màmá ti dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Ó fọwọ́ ti òpó pèpéle, ó gbé etí sí ìró náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Bí mo bá ti gbọ́ ọ láti igun ṣọ́ọ̀ṣì báyìí," ó wí, "usu á ti wà nínú odó. Kí bàbá yín tó wọlé tó fọwọ́, mo ti gún un tán."

Wọn kò gbéra lọ sóko lọ́jọ́ náà. Péjú kò gbà. Ó ní kí wọ́n gbé táǹkì padà ná, kí wọ́n sì lọ dán bíréèkì wò lórí pápá ilé ìwé. Orí pápá yẹn ni Tinúọlá ti tún rí i pé ẹsẹ̀ òun kò tíì gbàgbé. Ó kọ́kọ́ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, ọkọ̀ fò. Ó mí kanlẹ̀, ó tún un ṣe, ọkọ̀ náà sì rọra gbéra nílẹ̀ báyìí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yí pápá náà po, ó tún yí i po, títí Péjú fi ní kó jọ̀ọ́, epo kò pọ̀.

Ọjọ́ kejì ìkórè ni wọ́n lọ. Wọ́n fi ìrọ̀rí méjì tẹ́ ìjókòó iwájú fún Màmá. Ọláyíwọlá gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ìyàwó, òun àti Péjú sì bọ́ sẹ́yìn. Màmá ti aago mẹ́rin ti wẹ̀, ó wé gèlè tí kò wé fún ìkórè gan-an. Bí wọ́n ṣe ń kọjá láàárín ìlú ni àwọn ènìyàn ń jáde síta, Màmá sì ń juwọ́ sí wọn bí ọba.

Wọ́n yà kúrò lójú títì. Koríko ń gbá abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé odò, omi rẹ̀ kò ju orókùn lọ, Tinúọlá sì wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ ní gíyà kìíní. Wọ́n dé àárín, omi ta sí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì kú. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi odò tó ń ṣàn lábẹ́ wọn.

"Ó ti dé," Ọláyíwọlá wí láti ẹ̀yìn.

"Kí ló dé?" Màmá wí. "Odò ni. Ọlọ́kọ̀ wo ni kì í dúró mu omi? Sọ̀kalẹ̀, kó o fọ ẹsẹ̀ rẹ. Èébì ò gbé ọ ṣá?"

Ọláyíwọlá àti Péjú ká ṣòkòtò, wọ́n bọ́ sínú omi. Péjú ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà nu wáyà gbẹ, ó sì ní kí Ọláyíwọlá fi irin iwájú yí i. Ọláyíwọlá tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì Èkó dúró nínú odò, ó fi gbogbo ara yí irin. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún. Wọ́n ti ọkọ̀, Tinúọlá fún un ní tọ́tù, ó gun èbúté, ẹrọ̀fọ̀ sì bo àwọn méjì tó wà lẹ́yìn láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbà tí Ọláyíwọlá nu ojú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun.

Olúwafẹ́rànmí tó ń bójú tó oko náà gbọ́ ìró ọkọ̀, ó sáré jáde láti inú ahéré. Kò rí ọkọ̀ níbẹ̀ rí. Màmá kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Fẹ́rànmí, àfòmọ́ wo nìyí lórí kòkó mi? Wọ́n ní oko mọ́. Ṣé bó ṣe ń mọ́ nìyí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀ ni…"

"Mo rí díẹ̀ náà."

Ó fi ọwọ́ kan lé ọ̀pá, ó fi èkejì lé èjìká Tinúọlá, ó sì wọ abẹ́ igi lọ. Ó rìn ju bó ṣe ń rìn nílé lọ. Ó ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan. Eléyìí, òun ló gbìn ín nígbà tí oyún Ọláyíwọlá wà nínú òun. Eléyìí, iná oko fẹ́ jó o lọ́dún kan, bàbá wọn ló fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa á. Abẹ́ igi obì kan ló jókòó sí nígbẹ̀yìn. Fẹ́rànmí sun iṣu fún wọn, wọ́n fi epo pupa jẹ ẹ́. Màmá jẹ tirẹ̀ tán, ó tún jẹ nínú ti Péjú. Ó ní kí Péjú máa jẹ́ ọmọ òun láti òní lọ, kó sì wá máa kó iṣu lọ́dọọdún. Péjú ní òun ti gbà, kí Màmá má gbàgbé o.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ará Ààyè tún ń wá sí ilé Ayọ̀délé láràárọ̀. Ẹni tó ní iṣu á wá. Ẹni tó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn á wá. Tinúọlá kì í ṣe é lójoojúmọ́, nítorí aṣọ ilé ìwé ń dúró dè é lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà Ìkọ̀lé, òun náà á wé gèlè, á bọ́ sídìí ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Péjú ni wọ́n máa ń dúró lọ́nà àbọ̀, láti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti láti ṣàyẹ̀wò ọ́ìlì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá rí ọkọ̀ náà á ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọláyíwọlá ń pè láti Èkó, kò bèèrè ọ̀rọ̀ irin àlòkù mọ́. Ohun tó ń bi wọ́n ni bóyá gíyà kejì ti ń wọlé dáadáa.

Nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ náà kì í yá jí. Tinúọlá á yí kọ́kọ́rọ́, á dúró, á tún yí i, á máa bẹ̀ ẹ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kì í bínú sí i. Màmá á sì ti wà lórí ìrọ̀rí méjì níwájú, àpò rẹ̀ lórí itan, gèlè rẹ̀ lórí. Kò tíì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ rí; kí ọkọ̀ ṣáà ti gbéra.